Ojú Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Ìrẹsì

Èmi Dèbórà Adéyẹmí, olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé Ṣówándé, lọ́nà Ọ̀fàdà, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Baba Sámúẹ́lì Ṣówándé, àgbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀, tí wọn kò lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ wọn obìnrin, Dókítà Mojísọ́lá, ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn awọ iwájú ẹyinjú, ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Abẹ́òkúta. Ó sì bi baba rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí wọn kò tíì dáhùn. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́, kí n má ṣe tún un ṣe bí ẹni ń tún iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìíní ṣe. Mo ti gbìyànjú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó wá di ẹni tó ń la ojú fún èèyàn, mo kí ọ. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́, mo kí ọ kú ilé tuntun ní Ìbarà. Ìyá rẹ ní kí n sọ pé òun náà ń kí ọ, kí n tó gbàgbé. Ó ti kí ọ. Ó jókòó tì mí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà níbí.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni wàá kọ́kọ́ máa wá nínú ìwé yìí. Lọ́jọ́ tí o wá sọ fún wa pé wọ́n ti fi ọ́ jọ̀gá, o jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, o ní, "Baba mi, bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́jọ́ alẹ́, ṣé ẹ máa gbà kí a mú awọ iwájú ojú yín tó dára, kí a fi ran ojú ẹlòmíì?" Mo dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀, tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ́jẹ́, kí ni mo fẹ́ wò lára rẹ̀? O kò pè mí padà. Ìyá rẹ lo sọ fún pé, "Bí baba tèmi kò bá gbà, baba ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀?" Ó sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn oorun ọ̀sán mi.

Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ ní ìmọ̀ràn, torí bí mo bá ti dáhùn tán, o ò ní ka ìyókù.

Èkíní. Má ṣe jẹ́ kí aláìsàn bẹ̀rù láti sọ ohun tó fi sójú fún ọ. O mọ bí tèmi ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n o ò mọ gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àáró wa ló pé sí oko mi láti lu ìrẹsì, oníkálukú ń gbá ìdì tirẹ̀ mọ́ àgbá irin. Èèpo kan ta sí mi lójú ọ̀tún. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, mo ń báṣẹ́ lọ. O mọ̀ wá: ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó nínú àáró, òun ni wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Àbúrò mi Jóṣúà sì ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi, ẹ ti dàgbà." Ta ló dàgbà? Mo lu tèmi tán, mo tún lu díẹ̀ nínú tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú náà ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá ọlọ́mọ kan fún ọmú sí i, ó fún un sí i. Wọ́n ní oje ewé, mo fi oje ewé sí i. Lẹ́yìn náà mo ra òògùn olómi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri òògùn lọ́jọ́ ọjà. Bí mo ṣe kán an sí i, ó tutù bí omi inú àmù. Ìrora lọlẹ̀. Mo ní owó mi kò ṣòfò. O wá pè lórí fóònù, o ní, "Baba, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sójú yẹn?" Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi sí i? Omi lásán ni." Kò wù mí kí n purọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ohùn rẹ ló dà bí ohùn tíṣà. (Tíṣà tó ń kọ̀wé yìí gbójú sókè. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.)

Nígbà tí o wá délé, tí o rí ìgò òògùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, mo rò pé wàá pariwo. O gbé e, o wò ó, o jókòó. O ní, "Ẹ ṣé tí ẹ kò sọ ìgò rẹ̀ nù, Baba. Ó máa ràn mí lọ́wọ́." Mo sọ gbogbo ìyókù fún ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, títí kan ti ọmú. Ọ̀nà tí o gbà bá mi lò nìyẹn, ọ̀nà náà ni kí o máa gbà bá gbogbo wọn lò. Kí àgbẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìyàwó rẹ̀ ti bú u, ọmọ rẹ̀ ti bú u. Má dá kún un.

Èkejì. Ohun tí èèyàn mọ̀ ni kí o máa fi sọ ohun tí kò mọ̀ fún un. Ní ilé ìwòsàn, o fi iná kékeré wo ojú mi, o pẹ́ níbẹ̀. O ní àmì funfun kan wà lórí awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, pé etí àmì náà kò gún, ó rí bí òwú tí wọ́n fà ya. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? O lè bá mi sọ èdè dókítà, n ó sì mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ohun tí o sọ ni pé, "Baba, olú ló ń hù lójú yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí ojú náà fi ń ta mí. Mo ní, "Ṣé kí ìyá rẹ wá fi se ọbẹ̀ ni?"

O ní, "Ẹ má sè é. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ hú u."

O wá là á yé mi pé irú olú kan wà tó kéré débi pé a ò lè fi ojú lásán rí i. Ó wà lára èèpo ìrẹsì, ó wà lára ewé, ó wà lára igi tó ń jẹrà. Bí èèpo bá ha awọ ojú, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé. O ní òògùn tó tutù lójú mi yẹn, ó rọ̀ mí lọ́rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò àti ibòji ló jẹ́ fún olú. Àgbẹ̀ wo ni èyí kò ní yé? Láti kékeré ni mo ti ń wá olú kiri. Mo mọ ìdí igi tó ń hù sí, mo mọ òjò tó ń jí i. Mi ò ṣáà mọ̀ pé ó lè hù sójú èèyàn. Láti ọjọ́ náà, bí ohun kan bá yára mú mi lára tutù, mo máa ń bi í pé ta ló ń bọ́.

O kán nǹkan sí ojú náà tí kò fi mọ ìrora mọ́, o mú abẹ kékeré, o ha ibẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́, mo ti rí ọwọ́ tó ń yọ afárá lójú oyin, mi ò tíì rí ọwọ́ tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. O tẹ́ ohun tí o ha sórí dígí pẹlẹbẹ, o gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. O wò ó. O yíjú sí mi, o ní, "Baba, ẹ wá wò ó." Èmi tí n kò mọ á yàtọ̀ sí bí. Mo fi ojú òsì mi wò ó, mo sì rí i: okùn tín-ín-rín tín-ín-rín, ó ń ya ẹ̀ka, bíi gbòǹgbò ìrẹsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu lábàtà.

Mo ní, "Gbòǹgbò nìyí."

O ní, "Gbòǹgbò ni, Baba."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí lọ. Lọ́jọ́ ìwé ẹ̀rí, ẹ wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ ń sọ èdè tí kò yé mi, mo kàn ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn tó kù bá ti pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ti ojú, ìwọ àti èmi jọ wo nǹkan kan ṣoṣo, a sì pè é lórúkọ kan náà.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù, èyí tí n kò ní. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, baba mi ní kí n má tíì gé ìrẹsì mi, pé orí rẹ̀ ti pọ́n ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Mo rí i tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gé tiwọn, mo gé tèmi. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Mo gbé díẹ̀ lọ fún ọmọbìnrin kan tí mo ń fẹ́ sọ́nà. Ó kó ọwọ́ sí i, ó ní, "Ṣé kí n sè é ni, àbí kí n fi mọlé?" Ìyá rẹ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò kọ́gbọ́n. Nígbà tí ìrora ojú mi lọ tán, mo ní kí ẹ jẹ́ n máa lọ sílé, àsìkò ẹyẹ ti dé, ta ni yóò bá mi ṣọ́ ìrẹsì tí mo gbìn kẹ́yìn? O ní olú náà kò tíì kú. Mo ní, "Ìwọ lo bí mi ni?" O ní, "Ẹ̀yin lẹ bí mi, agídí yín ni mo sì jogún. Ẹ jókòó." Àwọn nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Mo jókòó. Òògùn tí ẹ ń kán fún mi ní wákàtí wákàtí, títí dé Èkó lo ní kí wọ́n bá ọ wá a dé, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́jà. O sọ fún mi pé àwọn kan máa ń sá lọ nígbà tí ara bá tù wọ́n, wọ́n á sì padà wá nígbà tí ojú bá ti fọ́. Má jẹ́ kí wọ́n lọ. Jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè bínú sí ọ kó sì máa ríran.

Ojú ọ̀tún mi kò padà sí bó ṣe wà. Àpá wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni ń wo ayé nínú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ojú náà ṣì wà lórí mi, mo fi ń mọ ọ̀sán, mo fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Má ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́ nítorí rẹ̀. O ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Èmi ni mo fi òjò bọ́ olú kí o tó dé.

Jẹ́ kí n ti èyí bọ̀ ọ́ kí n tó gbàgbé: awò ike tí o rà fún ẹgbẹ́ àáró wa, gbogbo wa ló ń wọ̀ ọ́ bí a bá ń lu ìrẹsì báyìí. Jóṣúà ní mo dà bí ọlọ́kadà tó sọ ọ̀kadà rẹ̀ nù. Òun náà ń wọ tirẹ̀. Ìyá rẹ sì ní kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, kí o má máa fi tíì nìkan kọjú sí abẹ. Mo fọwọ́ sí ìyẹn.

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ Ràfíátù ni. O rò pé mi ò mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o bi mí léèrè lábẹ́ máńgòrò.

Èmi àti òun ni a jọ ń jókòó sí kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn yín. Ọmọ ilé aláró ni, ní àdúgbò àtijọ́ ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ ń re aṣọ láró, òun náà ń re é. Nítorí ọjọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀, ó ra àwọn ike tín-ín-rín aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú kí ojú lè máa dán. Omi kànga ló fi ń fọ̀ wọ́n. Kòkòrò kan wà nínú omi, ó gba ìdí ike náà wọlé. O ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ojú jù ọ́ lọ pàápàá lè máà rí i rí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ lo sì pa á, ó sì gbà ọ́ ní oṣù lórí oṣù.

Ọmọ náà kì í sunkún lójú èèyàn. Bí mo bá dé, á ní, "Baba olólú, ẹ kú ìjókòó." Èmi á ní, "Ìyàwó olómi kànga, kú ìjókòó." Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin, ojú òsì ló kù. Èmi, ọ̀tún ló kù, ìyẹn náà kò sì já fáfá. Bí a bá fara tira, odindi èèyàn kan ni wá." Mo ní kó má jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan mìíràn tí n kò gbàgbé. Ó ní bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ni yóò fẹ́ sí i, tí yóò fi yí padà di aró lójú ẹni. Ó ní ìyípadà yẹn ni òun fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun kò sì rí i mọ́. Á gbé aṣọ sókè, á bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti yí?" Kòkòrò ti kú, ṣùgbọ́n àpá tó fi sílẹ̀ dà bí ẹni fi ẹfun kun fèrèsé. Awọ tuntun ni yóò la ojú náà, awọ tuntun kò sì sí níbì kankan àyàfi lójú ẹni tó ti kú. Ó ń dúró. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó fà á. Àwa Ẹ̀gbá tó ń gbé oko, bí àgbà bá kú sóko, ilé ni à ń gbé e lọ. Èmi ni mo jókòó ti òkú baba mi nínú ọkọ̀ títí a fi wọ Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé e wọlé, àwọn ẹbí wẹ̀ ẹ́, wọ́n wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ó délé pé." Ó délé pé: ọ̀rọ̀ tí mo ń retí kí wọ́n sọ lórí èmi náà nìyẹn. Ẹni tó bá gbé òkú délé tí nǹkan dín lára rẹ̀, ẹjọ́ ló gbé délé. Ohun tó gbé mi dìde lábẹ́ máńgòrò nìyẹn. Mo rí wọn lọ́kàn mi tí wọ́n ń na ìka sí ọ pé, Mojísọ́lá, dókítà, òun ló yọ ojú baba rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe lọ wo ewúrẹ́.

Mo wá pe Jóṣúà, nítorí òun ni yóò gbé mi délé bí mo bá ṣáájú rẹ̀, òun ni ẹbí yóò sì gbọ́ tirẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá dé ọ̀run, ta ni yóò máa fà yín lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ìwọ. Ṣebí o ní mo ti dàgbà? Wá ṣáájú, kí o dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí Olúwa ṣe dá yín ló yẹ kí ẹ padà."

Mo ní, "Jóṣúà, ikán tó jẹ ojú baba wa, ṣé ó wá dúpẹ́? Ojú tí mo fi ń ṣọ́ ìrẹsì kọ́ ni mo máa fi rí Olúwa. Ìyẹn wà lọ́wọ́ Rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé gbogbo ẹyinjú ni wọ́n ń yọ?" Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún ìyá rẹ: awọ iwájú nìkan ni, kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, ẹni tó bá wo ojú náà tí a ti pa á dé kò ní mọ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Agídí yín á bá yín dé ọ̀run." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú nìkan ni mo máa fi sílẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí. Tíṣà, rọra kọ ọ́, kó hàn.

Mo gbà, Àbẹ̀kẹ́. Ojú òsì mi, èyí tí mo fi wo gbòǹgbò olú lọ́dọ̀ rẹ, mo fi sílẹ̀. Bí mo bá kú sóko, kí wọ́n má gbé mi lọ sílé tààrà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ilé ìwòsàn rẹ, torí o ní awọ náà kì í fẹ́ ìdúró. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé mi lọ sílé, kí ẹbí wẹ̀ mí, kí Jóṣúà sì sọ fún wọn pé mo délé pé, nítorí ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fúnni kò dín lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ mi léjọ́. Bí ojú náà bá ti gbó jù láti ran ẹnikẹ́ni, fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Èmi kò lọ sílé-ìwé. Jẹ́ kí ojú mi lọ.

Sọ fún Ràfíátù pé kó má dúró dè mí. Mo ṣì ń jẹ iyán, baba mi sì pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n máa ka ìwé yìí fún àwọn tí o bá fẹ́ bẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé dókítà tó ń bẹ̀ wọ́n ti bẹ baba tirẹ̀ ná, baba rẹ̀ sì gbà. Ẹnìkan nínú wọn á ṣáájú mi lọ. Tirẹ̀ ni kí o fún Ràfíátù, kó lè rí aṣọ rẹ̀ nígbà tó bá ń yí.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́jọ́ náà, má ṣe fi abẹ kàn mí fúnra rẹ. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tí o kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá parí, ìwọ ni kí o wọlé, kí o fi ọwọ́ rẹ tó fúyẹ́ yẹn pa ìpéǹpéjú mi dé. Lẹ́yìn ìyẹn má jókòó tì mí pẹ́. Ẹnìkan á ti máa dúró dè ọ́ ní kọ́rídọ̀.

Àmì àtàǹpàkò Baba Sámúẹ́lì Ṣówándé rèé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú mi, lẹ́yìn tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, tí wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Rèbékà Ṣówándé, ìyàwó wọn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Jóṣúà Ṣówándé, àbúrò wọn, tó tẹ àtàǹpàkò. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rí ni òun jẹ́, òun kò sọ pé òun gbà. Nígbà tí yíǹkì ọwọ́ rẹ̀ gbẹ tán, ó bi mí pé bí ẹlòmíì bá fẹ́ kí n bá òun kọ irú ìwé yìí, ṣé mo máa ń ráyè lọ́jọ́ Sátidé.